Òjò Dídì Ló Ń Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìmọ́lẹ̀, Kì Í Ṣe Yìnyín

Ìbéèrè tí òǹkàwé kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: “Adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa ti dì pátá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lu ihò sí i, wọ́n ní yìnyín náà nípọn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, òjò dídì (snow) tó tó 20 sẹ̀ǹtímítà sì tún wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kò sí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè gba inú yìnyín tó ki tó báyẹn kọjá, pé inú omi ti ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n ní òjò dídì ní tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, nítorí ó fúyẹ́, ó sì ń tàn yanran. Ẹja inú rẹ̀ ni mò ń rò. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ? Ṣé kí a kó òjò dídì yẹn kúrò ni, àbí kí a fi í sílẹ̀?”

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú àníyàn. Ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí, nítorí ẹja máa ń kú lábẹ́ yìnyín lóòótọ́, àìtó ìmọ́lẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pàápàá lè gba ibi kan jàre: ó ṣeé ṣe kí inú adágún yẹn ti ṣókùnkùn bí wọ́n ṣe wí. Ohun tí wọ́n di ẹ̀bi rù ni kò jẹ̀bi. Yìnyín 40 sẹ̀ǹtímítà, bó bá jẹ́ èyí tó mọ́ gaara, lè jẹ́ kí ó ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa ń rí wọ inú omi. Òjò dídì 20 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kà sí yẹpẹrẹ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ òkùnkùn. Bó bá jẹ́ tuntun, tó sì gbẹ, ìmọ́lẹ̀ tó ń là á kọjá kì í sábà tó ìdá 1 nínú 100. Kódà 10 sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ péré ti tó láti gba púpọ̀ jù lọ nínú ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ adágún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ohun fífúyẹ́ ṣe ń ṣe ohun tí ohun líle kò lè ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń lọ nínú ohun kan ṣoṣo tí kò ní àbùlà, tààrà ló ń lọ. Ẹnu ààlà ni wàhálà wà. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé yìnyín, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ta padà, ìyókù á wọlé, ṣùgbọ́n á yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìtànṣán bá já lé ojú yìnyín lóòró gangan, èyí tó ń ta padà kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ. Yìnyín tó jẹ́ odindi kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ní ju ààlà kan tó já mọ́ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn orí rẹ̀ níbi tó ti kan afẹ́fẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kan omi kì í dá ohun tó tó nǹkan padà, nítorí ọ̀nà tí yìnyín gbà ń darí ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà tí omi gbà ń darí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Òjò dídì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gba nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àyè rẹ̀. Hóró yìnyín wẹ́wẹ́ ló kóra jọ, afẹ́fẹ́ sì yí hóró kọ̀ọ̀kan ká. Ìtànṣán tó bá wọ ibẹ̀ á pàdé ààlà, á yà. Á tún pàdé òmíràn, á tún yà, àìmọye ìgbà láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, títí púpọ̀ nínú wọn yóò fi já padà sókè láìdé ìsàlẹ̀. Bí a bá mú gíláàsì fèrèsé, tí a fọ́ ọ, tí a lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun, funfun ni yóò dà, a kò sì ní lè rí òdìkejì rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ a kò fi nǹkan kan kún un ju afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró lọ. Ohun kan náà ló sọ omi tó mọ́ di òjò dídì funfun.

Dídán yanran tí ẹ mẹ́nu kàn ló sábà ń tan ènìyàn jẹ. Òjò dídì ń tàn lójú yín nítorí pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín. Èyí tó jẹ́ tuntun máa ń dá ìdá 80 sí 90 nínú 100 padà, ìyókù díẹ̀ ló sì ń bá ìrìn àjò ìsàlẹ̀ lọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ojú ẹni tó dúró lókè, omi kò rí i gbà. Yìnyín tó mọ́ gaara, dúdú ló máa ń rí lójú ẹni tó dúró lé e, débi pé ó ń já ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí láyà. Ó dúdú nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ kọjá lọ sínú omi, kò padà wá. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja láti inú ilé pákó kékeré tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n gbé ka orí yìnyín. Inú ilé náà ṣókùnkùn, síbẹ̀ ihò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, wọ́n sì ń rí ẹja kedere. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé gba ara yìnyín tó yí ilé náà ká, tó sì fọ́n ká nínú omi, ni wọ́n ń rí yẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tún máa sọ pé yìnyín kì í gba ìmọ́lẹ̀ láyè.

Àmọ́ o, oríṣi yìnyín méjì ló lè wà lórí adágún kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì wọn nínípọn rẹ̀ láìwo àwọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni yìnyín dúdú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Láti abẹ́ ló ti ń dàgbà: omi tó kàn án ń dì mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń dì ló ń ti púpọ̀ nínú ohun tó yòrò sínú omi sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí yìnyín orí adágún tí omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì fi lè mọ́ ju omi tó ti inú rẹ̀ wá lọ. Ìkejì ni yìnyín funfun, òun ni mo sì ń fura sí lórí adágún yín. Yìnyín ń léfòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ péré ló ń yọ sókè omi, nítorí náà ẹrù tó lè rù láìrì kò pọ̀. Bí òjò dídì orí rẹ̀ bá ti nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín náà, ó lè tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi. Omi á gba ojú ibi tó sán gòkè wá, á rin ìsàlẹ̀ òjò dídì náà gbingbin, àdàpọ̀ yẹn á sì dì, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó há sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ há yìí ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Yìnyín funfun kò dí ìmọ́lẹ̀ tó òjò dídì, ṣùgbọ́n ó dí i ju yìnyín dúdú lọ dáadáa. Tiyín, 20 lórí 40, ìdajì gan-an ni, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí omi ti gòkè lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín gé odindi kan jáde, kí wọ́n gbé e dúró sínú oòrùn, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ oríṣi méjèèjì ló wà níbẹ̀, ẹ ó rí ibi tí funfun òkè ti pin tí dúdú ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìgbà òtútù kò bá ti le mọ́, tí òjò omi àti òjò dídì ń gba ara wọn lọ́wọ́, apá funfun yìí ló ń gbilẹ̀ sí i, ó sì dùn mí, torí ìmọ́lẹ̀ tí adágún ń pàdánù báyẹn kì í hàn sí ẹni tó kàn ń wo ọjọ́ tó dì àti ọjọ́ tó yọ́.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kì í dúró bákan náà. Yìnyín ń fa apá pupa mu ju apá búlúù lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí yìnyín tó ki dáadáa máa rí bí aró. Bí omi adágún bá mọ́, búlúù àti àwọ̀ ewé yìí á jìn lọ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ omi tó pọ́n nítorí ewé jíjẹrà, omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé búlúù mì, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní jìn kọjá mítà díẹ̀ bó ti wù kí yìnyín mọ́ tó.

Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá ṣì ń jiyàn pé nínípọn ni gbogbo rẹ̀, ẹ sọ fún wọn nípa McMurdo Dry Valleys ní Antarctica. Adágún wà níbẹ̀ tí yìnyín kì í kúrò lórí wọn láti ọdún dé ọdún, bíi Lake Vanda àti Lake Hoare, yìnyín orí wọn sì máa ń nípọn tó mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn rẹ̀ sì le, nítorí náà òjò dídì kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí yìnyín náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọlé, ó sì tó fún àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí tó tẹ́ ìsàlẹ̀ adágún náà ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ṣe oúnjẹ. Ẹ wá wo Baikal ní Siberia, adágún tó jìn jù lọ láyé, mítà 1,642. Láti nǹkan bí oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ni yìnyín máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì lè nípọn tó mítà kan. Atẹ́gùn a máa gbá òjò dídì kúrò lórí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lábẹ́ yìnyín yẹn, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ewédò wẹ́wẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aulacoseira baicalensis máa ń pọ̀ débi pé àwọ̀ omi á yí padà. Níbi tí òjò dídì bá ti kóra jọ tó ki, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Adágún kan náà ni, yìnyín kan náà ni, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ó kan ẹja wàyí. Òkùnkùn fúnra rẹ̀ kì í pa ẹja. Ọ́síjìn ló ń tán. Nígbà tí adágún bá dì, omi kò rí afẹ́fẹ́ òde gbà mọ́. Ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dì ni ìṣúra rẹ̀, ó sì máa ń pọ̀, nítorí omi tútù ń gba ọ́síjìn ju omi gbígbóná lọ: ó lè tó mílígíráàmù 14 nínú lítà kan. Láti ọjọ́ yẹn ni ewé tó ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí, àti ẹja fúnra wọn ti ń ná an. Ẹni tó lè dá díẹ̀ padà ni ewédò, ìmọ́lẹ̀ ni ewédò sì nílò kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò dídì bá ti ilẹ̀kùn, ìnáwó ń lọ, owó kò wọlé. Tí ọ́síjìn bá ti kéré sí nǹkan bí mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, ọ̀pọ̀ ẹja kò ní lè fara dà á pẹ́. Adágún tó jìn ní ìṣúra ńlá, ó sì lè kọjá ìgbà òtútù nínú òkùnkùn láìsí ewu. Adágún tí kò jìn, tí ewé omi kún inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni mo máa ń bẹ̀rù fún. Àwọn ẹja pẹ̀lú kò rí bákan náà. Ẹja kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní crucian carp, tó lè wà lábẹ́ yìnyín fún oṣù mélòó kan láìsí ọ́síjìn rárá, nítorí ara rẹ̀ ń sọ oró tó ń kó jọ nínú rẹ̀ di ọtí líle, ó sì ń tú u dà sínú omi. Àwọn ẹja bíi trout kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìrètí ń bẹ nínú àsìkò. Bí ìgbà òtútù bá ń lọ sópin, ọjọ́ á gùn sí i, òjò dídì á bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Omi á wá gba ipò afẹ́fẹ́ láàárín hóró, àwọn hóró náà á sì tóbi sí i, ìyẹn ni pé ààlà tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà á dín kù gan-an. Òjò dídì kan náà tó dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ á wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, kí ó tó di pé ó yọ́ tán. Nítorí náà ni ìyípadà abẹ́ yìnyín fi máa ń yára, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Ìwọ̀n 4 Celsius ni omi ti ń wúwo jù lọ, nítorí náà omi tó kan abẹ́ yìnyín, tó wà ní nǹkan bí òdo, ló fúyẹ́ jù. Bí oòrùn bá mú un gbóná díẹ̀, wúwo ni yóò wúwo sí i, yóò sì rì, omi ìsàlẹ̀ á gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ló ń ro omi náà po láìsí atẹ́gùn. Ewédò wẹ́wẹ́ tó wúwo, bíi ti Baikal yẹn, ìròpọ̀ yìí ló ń gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀ dípò kí ó rì sínú òkùnkùn.

Ní ti kíkó òjò dídì kúrò: ó lè ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kó o kúrò lórí adágún kékeré kan tó ń jẹ́ South Sparkling Bog kí wọ́n lè mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn ewédò tó gbára lé ìmọ́lẹ̀ sì rí àyè gbilẹ̀ sí i. Àmọ́ wọ́n ń kó o léraléra ni, lórí adágún kékeré. Bí ẹ bá fi ṣọ́bìrì la ojú tó tó yàrá kan lórí adágún ńlá, ẹ kàn rẹ ara yín lásán ni. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, apá tó gbòòrò ni kí ẹ kó, kí ó jẹ́ ibi tí yìnyín abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, tí omi kò sì jìn púpọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ewé omi, kí ẹ sì tètè ṣe é, kí ewé omi tó kú tán nínú òkùnkùn. Ẹ tún mọ̀ pé òjò dídì jẹ́ aṣọ fún adágún. Bí ẹ bá bọ́ ọ, òtútù á wọlé dáadáa, yìnyín ibẹ̀ á sì ki sí i. Mo gbà pé ìyẹn tọ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó rí gbà níbi tí omi bá ti jìn díẹ̀. Níbi tí kò bá ju mítà kan lọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí yìnyín lè jẹ omi tó ṣẹ́ kù fún ẹja. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Òun dájú ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí a ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án nígbà tí ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó lè ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, kí ó sì ná ìwọ̀nba tó kù. Yìnyín tó yí i ká á sì di ẹlẹgẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ọgbà tàbí àmì tó hàn.

Láti ibi tí mo wà, mi ò lè sọ bóyá ẹja yín wà nínú ewu, nítorí ẹ ò sọ bí adágún náà ṣe jìn tó, ìmọ́lẹ̀ nìkan kò sì tó fi ṣèdájọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣáájú ni pé kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọn-ọ́síjìn, kí ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ yìnyín gan-an àti nítòsí ẹrẹ̀, kí ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ lè mọ bó ṣe ń yára lọ sílẹ̀. Bí ẹni náà bá fẹ́ wọn ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má sọ ẹ̀rọ rẹ̀ sí abẹ́ ihò tààrà, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò wọlé yóò pa irọ́ fún un. Orí apá tó gùn sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e lé lábẹ́ yìnyín, wọ́n á sì bo ihò náà kí wọ́n tó kà á.

Bí ẹ bá máa jáde lọ síbẹ̀, ẹ rántí pé àwọ̀ tí mo ní kí ẹ wò nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ó tún wò nítorí ẹ̀mí yín. Nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà yìnyín dúdú tó le ni wọ́n sábà ń béèrè kí ẹnì kan tó rìn lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ funfun, ìlọ́po méjì ni, nítorí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Ìgbà tí ìgbà òtútù bá ń parí ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú yìnyín nígbà yẹn ń yọ́ ọ láti inú. John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣàkọsílẹ̀ irú yíyọ́ inú yìnyín bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1858. Ojú oríkèé tí hóró yìnyín ti so mọ́ra ló kọ́kọ́ ń yọ́, títí odindi náà yóò fi di ọ̀pá gbọọrọ tó dúró ti ara wọn láìdì mọ́ra. Ó ṣì lè nípọn tó 40 tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín wọ̀n, kí ó má sì lè gbé ènìyàn kan. Bí wọ́n bá lu ihò tí yìnyín náà ń tú sí ọ̀pá-ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, kí gbogbo yín kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi òjò dídì tó kù sílẹ̀ fún oòrùn.